Ìgbésí Ayé Màmá Dorcas Morẹ́nikẹ́ Àkànbí (1957–2024), Ẹni Tó Mú Àwọn Ìyá Àgbà Wọ Ilé-iṣẹ́ Gààrí

Ní Abà Kọ́láwọlé, lẹ́yìn ìlú Ìrókò, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ni wọ́n ti bí Màmá wa ọ̀wọ́n, Dorcas Morẹ́nikẹ́ Àkànbí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1957. Bàbá wọn ni Pa Sàníù Olóyèdé, àgbẹ̀ oníṣu. Ìyá wọn ni Ìyá Fàtímọ̀, tó ń ṣe epo pupa. Ìbàdàn ni ìdílé Olóyèdé ti lọ dá oko síbẹ̀ nígbà tí igbó ṣì ṣú dùdù, wọn kò sì padà mọ́. Zubaidah ni orúkọ tí àlùfáà pè wọ́n lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Morẹ́nikẹ́ ni ìyá bàbá wọn sọ wọ́n, Dorcas sì dé lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe sọ. Ẹni tó bá mọ Màmá dáadáa mọ̀ pé orúkọ kan kò lè tó wọn.

Àwọn àgbà abà sọ fún wa pé láti kékeré ni ẹnu Màmá kì í ti í sinmi ìbéèrè. Wọ́n á bi bàbá wọn léèrè ta ló ń jí àkùkọ tí àkùkọ fi ń jí àwọn èèyàn. Wọ́n á bi ìyá wọn pé epo tó ṣẹ́kù sára ìkòkò, ṣé ti ẹni tó ni ìkòkò ni àbí ti ẹni tó fọ̀ ọ́. Pa Sàníù á ní, "Morẹ́nikẹ́, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n jẹun." Yorùbá ní ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, àmọ́ wọn kò sọ fún wa pé ó lè dá ẹni tí wọ́n ń bi ní ọ̀nà dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní ọdún 1964, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìrókò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín lọ, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fi ń rìn ín bọ̀. Wọ́n parí ní 1970, wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ módáà, wọ́n sì jáde ní 1973. Nínú káàdì kan tí a ṣì ní lọ́wọ́, olùkọ́ wọn kọ ọ́ pé ọmọ dáadáa ni, ó kàn jẹ́ pé ó ń fẹ́ mọ ìdí ohun gbogbo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lórí ẹ̀rọ táípù ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà jẹun fún ọgbọ̀n ọdún ní oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́.

Ní ọdún 1979, Màmá fẹ́ bàbá wa, Elijah Àkànbí, káfíńtà, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ní Adégbàyí. Lọ́jọ́ tí bàbá wa kọ́kọ́ dé Abà Kọ́láwọlé, ilé àdúrà ni wọ́n ti wá tààrà, pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Pa Sàníù wo ẹsẹ̀ wọn títí, wọ́n wá pe Màmá sí kọ̀rọ̀ pé, "Ṣé ọkùnrin yìí ò ní bàtà ni, àbí ó pàdánù ẹ̀ lọ́nà?" Ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kọ́kọ́ jáde lẹ́nu bàbá dípò ọmọ. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, Pa Sàníù ní ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti títì wọ abà nítorí ìyàwó, ó dájú pé ó máa tọ́jú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Màmá ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sì gba orúkọ náà Dorcas. Síbẹ̀, kò sí Iléyá kan tí Màmá kò lọ sí abà, kò sì sí Kérésì kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn kò wá sí Adégbàyí. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta ìgbéyàwó náà lọ́rẹ.

Ní ọdún 2006, Màmá bọ́ sí Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀bùnolú lójú ọ̀nà Akanran, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe gààrí àti láfún. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ náà ni wọ́n gbà wọ́n fún. Àmọ́ kò pẹ́ tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Olúwadọ̀tun Fátókun, fi ṣàkíyèsí pé tábìlì Màmá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń gbé ẹjọ́ wọn lọ. Ní 2011, wọ́n fi ètò ìtọ́jú òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní wẹ́fíà, lé Màmá lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti ń pè wọ́n ní Màmá Wẹ́fíà.

A kò ní purọ́ níwájú òkú: Màmá fi àṣìṣe bẹ̀rẹ̀. Ní òpin ọdún 2011 kan náà, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ ta òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́rẹ. Kí ni wọ́n fún wọn? Gààrí! Wọ́n fún àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń yan gààrí láti àárọ̀ di alẹ́, ní àpò gààrí. Àwọn òṣìṣẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣàdúrà títí. Lọ́jọ́ ọjà Akanran tó tẹ̀ lé e, Màmá rí àpò ilé-iṣẹ́ náà lórí ìsọ̀, wọ́n sì dúró ná an bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Fàtáì, tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ló jókòó sídìí ìsọ̀. Ó fẹ́ wọ abẹ́ tábìlì, àmọ́ abẹ́ tábìlì kò gbà á. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Gààrí la fi ń ṣiṣẹ́, gààrí la fi ń lálàá." Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àpò náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti búra pé àwọn kò ní fún òṣìṣẹ́ kankan ní ohunkóhun láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń dùn ún. Wọ́n á jókòó ti àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n á máa bó o lọ, wọ́n á sì máa béèrè ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé bàtà òjò ni àwọn obìnrin ń fẹ́ nítorí omi ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mọ̀ pé nínú oṣù Ramadan, àwọn òṣìṣẹ́ Mùsùlùmí á fẹ́ kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tètè lọ ṣínu nílé. Màmá máa ń sọ pé ẹ̀bùn tí a kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà á, ara ẹni la fi ń tẹ́ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ tó wá dán ìbéèrè Màmá wò ni ti yàrá ọmọ, ní ọdún 2016. Ọ̀gá Fátókun kọ́ yàrá kan fún àwọn ìyá tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Yàrá náà ní táìlì, ó ní fáànù, ó ní ohun ìṣeré aláwọ̀ oríṣiríṣi, wọ́n sì gba nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ méjì láti Ìbàdàn. Ìyá mọ́kànlá ló wà ní ilé-iṣẹ́ tí ọmọ wọn kò tíì pé ọdún kan. Oṣù kìíní kọjá, ìkejì kọjá, ọmọ kan ṣoṣo kò wọ yàrá náà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá yìí ni wọ́n ń pa ibi iṣẹ́ jẹ, nítorí pé ilé ni ọmọ wà, ibi iṣẹ́ ni ọmú wà. Tó bá di agogo mẹ́wàá, wọ́n á gun ọ̀kadà sáré lọ sílé lọ fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n tó padà, iṣẹ́ òwúrọ̀ ti parí.

Inú bí ọ̀gá. A kò bá wọn wí, owó ńlá ni wọ́n ná. Wọ́n ní tí yàrá náà bá ṣì ṣófo ní òpin oṣù kẹsàn-án, àwọn á fi kó àpò sí, àwọn á sì fi ẹlòmíràn rọ́pò ìyá yòówù tó bá ń sáré lọ sílé. Ẹni tí ìdájọ́ yìí máa pa jù lọ ni Rùqáyyàh, tó yára jù lọ nínú àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ọkọ rẹ̀, Mikail, ti fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ lórí ọ̀kadà, ó wà nílé, ọwọ́ Rùqáyyàh nìkan ni gbogbo ilé sì ń wò.

Màmá pe àwọn ìyá mọ́kànlá náà jọ. Wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé. Gbogbo wọn dáhùn pé, "Ó dáa mà, a máa gbé e wá." Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ ìtumọ̀ "Ó dáa mà." Ọ̀la dé, ẹnikẹ́ni kò gbé ọmọ wá. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Wọ́n rò pé bóyá àwòrán áńgẹ́lì tó wà lára ògiri ló ń lé àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n rò pé bóyá òórùn ọ̀dà ni. Wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ohun tó yí padà. Wọ́n máa ń pe àwa ọmọ lórí fóònù nígbà yẹn, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ rò pé ó fà á?" 

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Màmá gba ọjọ́ mẹ́ta nínú ìsinmi wọn, wọ́n sì lọ sí abúlé Rùqáyyàh ní Ọ̀nà-Àrà. Wọn kò bá ti ìbéèrè lọ. Wọ́n gbé àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò. Láàárọ̀, Ìyá Mikail, ìyá ọkọ Rùqáyyàh, na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ojúgun wọn, wọ́n fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìdodo, wọ́n fi òrí ra á, wọ́n nà án lápá, wọ́n nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n jù ú sókè, wọ́n sì gbà á. Ọmọ kígbe, ó dákẹ́, ó sùn. Wọ́n pọ̀n ọ́n. Tọ̀sán-tòru ni ọmọ náà wà lẹ́yìn ìyá àgbà yìí.

Lọ́jọ́ kẹta ni Ìyá Mikail fúnra wọn dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìyá yìí, mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Bí Rùqáyyàh bá gbé ọmọ yìí lọ síbi iṣẹ́, kí ni kí n sọ fún ará àdúgbò? Wọ́n á ní ṣé mo ti kú ni, àbí mo burú débi pé wọn ò lè fi ọmọ tì mí. Ọmọge tí kò tíì bímọ rí lẹ ní kó wẹ ọmọ mi?"

Háà! Màmá ní ńṣe ni ó dà bíi pé wọ́n tan iná sí àwọn lójú. Àwọn ìyá yẹn kò kọ yàrá náà. Wọn kò kàn lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ wọn, kò sì sí ìyàwó ilé tó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá níbi iṣẹ́.

Màmá padà lọ bá Ọ̀gá Fátókun. Wọ́n ní àwọn ìyá àgbà ni kí ilé-iṣẹ́ pè, kì í ṣe ọmọ. Bí àwọn ìyá àgbà bá dé, ẹ̀yìn wọn ni àwọn ọmọ á gùn wá. Ọ̀gá ní ṣé ilé-iṣẹ́ gààrí ni àwọn ń ṣe àbí ilé arúgbó. Wọ́n jiyàn títí ó fi di ọ̀rọ̀ ariwo. Níkẹyìn, Màmá ní, "Ẹ fún mi ní ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tó kù yìí. Bí yàrá yẹn bá ṣófo lópin oṣù, ẹ fi èmi náà kún àwọn tẹ́ ẹ máa lé." Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni Màmá nígbà náà, bàbá wa ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó ń dúró dè wọ́n níbì kankan. Wọn kò sọ èyí fún àwa ọmọ rárá, ẹ̀yìn ni a gbọ́.

Wọn kò kọ lẹ́tà sí àwọn ìyá àgbà náà, wọn kò sì rán àwọn ìyàwó sí wọn. Ilé dé ilé ni Màmá lọ, wọ́n kúnlẹ̀ fún ẹni tó jù wọ́n lọ, wọ́n sì bẹ ẹni tí wọ́n jù lọ. Ohun kan náà ni wọ́n sọ níbi gbogbo: "Àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ kò mọ ọmọ wẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ wọn." Wọ́n ra bàsíà ńlá, wọ́n ra ẹní àti àpótí, wọ́n ṣe àdògán síta fún omi gbígbóná, wọ́n sì wá àyè tí àwọn tó fẹ́ kírun á ti máa kírun.

Lọ́jọ́ Ajé tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kó wọn dé, ìyá àgbà mẹ́ta péré ló sọ̀kalẹ̀, Ìyá Mikail ló ṣáájú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n pa fáànù. Ìkejì, wọ́n kó gbogbo ohun ìṣeré sínú páálí. Ìkẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn nọ́ọ̀sì wí. Ọ̀gá gbọ́ ariwo, wọ́n wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyá Mikail wò wọ́n láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ta ló wẹ̀ yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọwọ́?" Ọ̀gá Fátókun kò mọ̀. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n pe ìyá wọn níbẹ̀. Ìyá náà pariwo tí gbogbo yàrá fi gbọ́: "Ìyá mi ni! Lágelú ni wọ́n ti wá, oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò lọ́dọ̀ mi. Kí ló dé? Ṣé ìyàwó ẹ ti lóyún ni?" Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá rọra jáde, wọn kò sì tún sọ̀rọ̀ àpò mọ́.

Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, àwọn ìyá àgbà yòókù ti tẹ̀ lé àwọn mẹ́ta yẹn wá, ìyá mẹ́wàá sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láràárọ̀, Rùqáyyàh ló sì yára jù bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ọmọ, wọ́n ń rí sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ìyá àgbà ń wẹ̀, wọ́n ń pọ̀n. Ẹnì kan ló ṣẹ́kù: Marvellous, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì, tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí ìyá ọkọ rẹ̀ náà ti kú. Kò ní ẹni tó máa bá a pọn ọmọ wá. Màmá ní kí ó gbé ọmọ náà wá. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń na ẹsẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n ń wẹ Ọlámipọ̀sí, ọmọ Marvellous, kí wọ́n tó lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn tó ń gba lẹ́tà láti Ẹ̀bùnolú nígbà yẹn sọ pé òórùn òrí wà lára gbogbo rẹ̀.

Òkìkí yàrá náà kàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń wá bi Màmá bí wọ́n ṣe ṣe é. Màmá á ní, "Ẹ má wo tiwa, ẹ lọ bi àwọn tiyín." Ọ̀gá onípákó kan ní Lágelú kò gbọ́. Ó lọ kọ́ yàrá tirẹ̀, ó ra bàsíà mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ni gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Títí dòní, inú bàsíà yẹn ni wọ́n ti ń bu omi fọ mọ́tò.

Nínú ìjọ, Màmá jẹ oyè Ìyá ní Ísírẹ́lì ní 2013. Ní àdúgbò Adégbàyí, àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n bá kọ máa ń gùn nítorí ìbéèrè akọ̀wé. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní 2019, àmọ́ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kò yé gbé wọn. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ wẹ ọmọ tí kò ní ìyá àgbà. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n sùn nínú Olúwa, lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó yẹ kí àwa ọmọ sọ, bó tilẹ̀ dùn wá. Ọmọọmọ mẹ́fà ni a bí fún Màmá, ní Èkó, ní Àbújá àti ní Kánádà. Nígbàkúùgbà tí a bá bímọ, Màmá á ní ṣé kí àwọn máa bọ̀. A ó dáhùn pé, "Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ sinmi." Ìfẹ́ la rò pé a fi ṣe é. A sanwó fún àwọn tó ń bá ni tọ́jú ọmọ, a sì ń fi fídíò ránṣẹ́. Nígbà tí Marvellous wá kí wa lẹ́yìn ikú Màmá, ó sọ ohun tí wọ́n bá a sọ lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń fi òrí ra Ọlámipọ̀sí. Wọ́n ní, "Mo ti lọ bẹ ìyá àgbà mẹ́wàá nílé wọn. Èmi náà ń retí ẹni tó máa wá bẹ̀ mí." Màmá bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, àmọ́ wọn kò bi wá ní ìdí tí a kò fi jẹ́ kí wọ́n wá, àwa náà kò sì bi wọ́n ní ohun tó ń dùn wọ́n. Ó dùn wá gan-an ni.

Àwọn ọmọ tí Màmá fi sáyé lọ ni Ìbíyẹmí, Olúṣínà àti Mopélọ́lá. Ọmọọmọ méje ni wọ́n fi sílẹ̀: mẹ́fà tí a bí, àti Ọlámipọ̀sí tí wọ́n wẹ̀. Òun nìkan nínú àwọn méjèèje ló mọ bí àtẹ́lẹwọ́ Màmá ṣe rí lára, nítorí náà òun la fi ṣíwájú nínú àwọn tí yóò da erùpẹ̀ lónìí. Àwọn àbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n, ará ìjọ, àti gbogbo òṣìṣẹ́ Ẹ̀bùnolú ṣẹ́kù pẹ̀lú.

Morẹ́nikẹ́, ọmọ Olóyèdé, aya Àkànbí, Màmá Wẹ́fíà, a kò tún ní sọ fún yín pé kí ẹ sinmi. Bí ọmọ bá wà níbi tí ẹ ń lọ, tí kò rí ẹni wẹ̀ ẹ́, ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ yín. Kí Ọlọ́run Sàníù àti ti Elijah gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá. Ó dàárọ̀ o.